Ohùn Tèmi, Ojú Àbúrò Mi

“Ohùn ta nìyẹn? Mo ní ohùn ta ni mò ń gbọ́ yìí, Ẹnjiníà? Ẹ dá mi lóhùn!”

Obìnrin náà na fóònù sí ọkọ rẹ̀ lójú. Ìpara irun ṣì wà ní ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Òòyà tó fi ń ya irun oníbàárà ṣì wà nínú irun òun fúnra rẹ̀, níbi tó fi há sí nígbà tó sáré kúrò ní ìsọ̀ láìwo ọ̀tún, láìwo òsì. Ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́yìn tábìlì tó ti ń tún fóònù ṣe, ó mú irin tín-ín-rín kan lọ́wọ́, ó ń wá ìṣó fóònù kan tó kéré ju ọkà bàbà lọ. Kò gbójú sókè.

“Ohùn jọ ohùn,” ló wí.

“Ohùn jọ ohùn? Ṣé ikọ́ náà jọ ikọ́ ni? Ẹ fetí sí i! Níbi tí mo ti húkọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ kejì, ẹ̀yin lẹ ní kí n má tún un kọ, ẹ ní ó dùn bẹ́ẹ̀! Ikọ́ mi ló ń jáde lẹ́nu àbúrò mi yìí!”

Nínú fóònù náà, ọmọbìnrin arẹwà kan jókòó síwájú aṣọ fèrèsé pupa, ó ń la ètè, ó ń pa á dé, eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sísàlẹ̀: “Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fi ojú rẹ̀ han ayé!” Ojú náà kì í ṣe ojú àjèjì. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni, ọmọ bàbá rẹ̀ ni, àbúrò tó di ọmọ òrukàn ní ọmọ ọdún mẹ́ta, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pọ̀n dàgbà nígbà tí òun náà kò tíì kúrò ní ọmọdé.

“Ta ló fún ẹ ní fóònù yìí?” Ẹnjiníà bèèrè.

Ohun tó bèèrè nìyẹn, ẹ̀yin òǹkàwé mi! Ilé ń jó, ó ń wá ẹni tó pariwo iná!

“Tíṣà ni! Tíṣà wà lórí àga, mo ti di ìdajì orí rẹ̀, ló bá ní, ‘Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, ìgbà wo lo pààrọ̀ ojú?’ Mo fi ìdajì orí sílẹ̀ wá bá yín. Ẹ sọ fún mi pé irọ́ ni. Ẹ sáà sọ pé irọ́ ni, màá gbà yín gbọ́!”

Wò ó bí ìfẹ́ ṣe ń sọ ọlọgbọ́n di òmùgọ̀! Ó rí i lójú, ó gbọ́ ọ létí, síbẹ̀ ó ń bẹ olè kí ó ní òun kò jalè. Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rù lè rà á padà. Ẹni tí wọ́n jí ohùn rẹ̀ ńkọ́, tí olè náà sì ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìrọ̀rí kan ṣoṣo?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́.

Onídìrí ni obìnrin yìí. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í dun èèyàn lórí. Ìsọ̀ rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: àga méjì, dígí ńlá tó sán létí, fáànù tó ń ráhùn bí ìyàwó àgbà. Bó bá sì ń dìrí, ó máa ń kọrin, orin tó fúnra rẹ̀ kọ. Ìlà irun kan, ẹsẹ orin kan. Ibi tó bá ti fi irun kún irun ló ti máa ń mí. Ọwọ́ ló ń ṣe òdiwọ̀n fún ẹnu. Bí ọwọ́ bá ṣófo, orin kì í wá.

Láti ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ yẹn ni Ẹnjiníà ti gbọ́ ọ ní ọdún méje sẹ́yìn. Ó dúró nínú oòrùn títí ó fi parí orí oníbàárà. Nígbà tó jáde, ó ní, “Ohùn rẹ ni mo kọ́kọ́ fẹ́. Bí ojú rẹ bá dára, èrè ni. Bí kò bá dára, mi ò bèèrè.” Àpá kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin náà, láti ìgbà tó ń kọ́ṣẹ́, nígbà tí omi gbígbóná tí wọ́n ń ki ìdí irun dídì bọ̀ kó má baà tú dà sí i lára. Ẹnjiníà fi ìka kan àpá náà. Ta ni kò ní fẹ́ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀? Èmi gan-an ì bá fẹ́ ẹ!

Ní ọdún kẹrin ìgbéyàwó wọn, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ lóyún. Oyún pé oṣù méje, ọmọ dé, kò ké. Àwọn nọ́ọ̀sì gbé e lé e ní àtẹ́lẹwọ́, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kan gbà á. Kò rí omijé sun. Orin kan ló tẹ̀ lé e délé láti ilé ìwòsàn:

Sùn sí àtẹ́lẹwọ́ mi,
ìwọ tí ò tíì mọ orúkọ ara rẹ.
Ariwo ayé ti pọ̀ jù,
má tíì jí, má tíì jí,
mo ṣì ń tẹ́ ibùsùn rẹ.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ kọ ọ́ ní ìsọ̀, Ẹnjiníà gbé fóònù sórí pẹpẹ, ó yà á ní fídíò. “Ẹ má jẹ́ kí ojú mi hàn o,” ni ìyàwó bẹ̀ ẹ́, “ojú ń tì mí.” Nítorí náà, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló hàn, àti ẹ̀yìn orí oníbàárà. Ẹnjiníà gbé e sórí ayélujára. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ayé ti wò ó tán! Àwọn ìyá tí ọmọ kú fún kọ̀wé sí i. Àwọn onídìrí ní ìlú tí a ò mọ orúkọ rẹ̀ ń fi orin náà dìrí. Kò sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ràn, ohùn yẹn ni wọ́n ń pè. Ó tún kọ orin mọ́kànlá mìíràn.

Ẹnjiníà ló ń tọ́jú ojúùwé náà, torí iṣẹ́ fóònù niṣẹ́ rẹ̀. Ìyàwó ò mọ nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí i, kò sì bèèrè. Kí ló fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ ọkọ ẹni? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé obìnrin yìí ló la ògiri náà! Lọ́jọ́ kan, ilé-orin ńlá kan kọ̀wé: “Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ rí ẹni tó ni ohùn yìí.” Ẹnjiníà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó pa á rẹ́. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ń fọ òòyà nínú abọ́. Ó wo àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń kun ètè. Dígí ni wọ́n ń pe ìyẹn, torí láti kékeré ni kò ti lè kọjá níwájú dígí láìdúró kí ara rẹ̀. Èṣù kò tì í o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ojúkòkòrò lásán ni.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, “Wá kọ ọ́ sínú fóònù ní yàrá, kí ohùn rẹ lè túbọ̀ gún.” Ìyàwó gbé orí onígi tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ sítan, ó ń dì í, ó ń kọrin, ó rò pé ọkọ òun fẹ́ràn òun. Dígí ló ń gbé ohùn náà dé ilé-orin, tó ń wolẹ̀ bí onítìjú: “Mi ò lè kọrin lójú èèyàn, mà. Yàrá mi ni mo ti ń kọ ọ́.” Wọ́n sì gbà á gbọ́! Ṣé gbogbo ayé kọ́ ló mọ̀ pé ojú máa ń ti Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ìsọ̀ fóònù, ìjà kò tíì tán níbẹ̀.

Ẹnjiníà gbé irin ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ níkẹyìn. “Jókòó, ká sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà.”

“Mi ò jókòó!”

“Orin kì í ṣe ti etí nìkan mọ́ láyé òde òní. Ti ojú ni! Àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ yìí, ta ló fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri? Ohùn ẹ dùn. Ojú ẹ ò tà.”

“Ojú tí ẹ ń jí rí láràárọ̀ fún ọdún méje?”

“Èmi ni mo fẹ́ ẹ! Ayé kọ́ ló fẹ́ ẹ!”

Aṣọ tó pín ìsọ̀ náà sí méjì mì. Yàrá kékeré kan wà níbẹ̀ tí Ẹnjiníà ti máa ń sùn lọ́sàn-án. Dígí ló jáde, ó ń nara, sálúbàtà ọkùnrin sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra. Àwọn oníbàárà ń kọjá.”

“Dígí! Kí lo ń ṣe níbẹ̀ yẹn?”

“Mò ń sinmi ni.”

“Nínú sálúbàtà ọkọ mi?”

“Ṣé sálúbàtà nìkan lẹ rí?”

Háà! Ẹnu tó sọ ọ̀rọ̀ yìí kò gbọ̀n! Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ sún mọ́ wọn. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀. Ìyẹn ń wo ara rẹ̀ nínú fóònù tó ti kú lórí tábìlì.

“Ìwọ tí mo pọ̀n! Ìwọ tí mo jẹ àjẹkù rẹ kí o lè yó!”

“Ẹ pọ̀n mi, ẹ pọ̀n mi! Ogún ọdún ni mo ti ń gbọ́ ọ! Ṣé ẹ̀yìn yín ni màá wà títí màá fi kú? Ọmọ tí wọ́n pọ̀n náà máa ń sọ̀ kalẹ̀ rìn!”

“Kì í sọ̀ kalẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ẹni tó pọ̀n ọ́n!”

“Kò burú, lọ sọ fún wọn!” Dígí kò fi ẹ̀yin pè é mọ́. “Jáde síta, kí o ní ìwọ ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Ta ló rí ojú ẹ rí? Èmi layé mọ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n á ní ìlara ló ń pa ọ́, aláàpá!”

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ yẹjú kúrò lára rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló kọjú sí. “Orin ọmọ wa ńkọ́? Ẹ fún un ní ìyẹn náà?”

Ọkùnrin yìí lè dákẹ́. Ìbá dára kó dákẹ́! Ṣùgbọ́n ẹni tí orí rẹ̀ bá ti dàrú, ẹnu rẹ̀ ló máa ń gbẹ́ kòtò fún un. Ó ní, “Ọmọ náà kò gbé ayé. Orin rẹ̀ gbé ayé. Ó yẹ kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ yọ òòyà kúrò nínú irun rẹ̀, ó nu ìpara ọwọ́ rẹ̀ mọ́ yẹ̀rì.

“Ẹnjiníà,” ló wí jẹ́jẹ́, “ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀.” Ọdún méje, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè é ní ìwọ. “Mi ò ní ṣépè fún ọ. Ẹni tó fi omijé ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín ti ṣépè fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi: bí irọ́ bá ń lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a!”

“Ó dàbọ̀ o, Ìyá Òwe!” Dígí fi ẹ̀rín lé e jáde.

Ó padà sí ìsọ̀. Tíṣà ṣì wà lórí àga, apá kan orí rẹ̀ ti dì dáadáa, apá kejì dúró wúruwùru bí ìgbálẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Ìyá àgbà yìí ti fẹ̀yìntì kúrò nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ̀yìntì kúrò nídìí títún àṣìṣe ṣe. Lábẹ́ gbogbo fídíò Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, òun ló máa ń kọ ọ́ pé, “Ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yín!” Nígbà tó gbọ́ ìtàn náà tán, ó bọ́ bàtà rẹ̀ kan, ó fẹ́ lọ fi na Ẹnjiníà.

“Ẹ fi í sílẹ̀, mà,” ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wí. “Ẹ jẹ́ kí n parí irun yín.”

Ó parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kọrin.

Ó kó aṣọ rẹ̀, ó lọ ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé Tíṣà. Ó ń lọ sí ìsọ̀, ó ń dìrí, ẹnu rẹ̀ sì dì pa. Ó máa la ẹnu, kò ní sí nǹkan níbẹ̀, bí ẹ̀rọ omi tí wọ́n ti pa láti òkè. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fajú ro. “Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, ọwọ́ ẹ ti ń dunni o!” Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà kò yí padà. Wọn ò mọ̀ pé orin ló ń gba ìrora náà fún wọn láti ọjọ́ yìí wá. Ohun tó sì ń ba òun gan-an lẹ́rù nìyẹn. Òkìkí tí Dígí gbé lọ kò dùn ún tó o. Bí ohùn náà kò bá padà mọ́ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo tí ọmọ òun fi sílẹ̀ láyé ti bá wọn lọ pátápátá ńkọ́?

Ní gbogbo ìgbà yìí, Dígí ń gun òkè. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri. Ẹnjiníà di máníjà, ó wọ gíláàsì dúdú nínú ilé. Ṣùgbọ́n àwọn olólùfẹ́ orin náà kò dákẹ́. “Ojú ti tó,” wọ́n ń kọ ọ́ lójoojúmọ́, “a fẹ́ rí ọwọ́!” “Kí ló dé tí kò dìrí mọ́?” Màdáámù tó ni ilé-orin bá kéde: ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ máa jókòó ní gbọ̀ngàn wọn, ó máa dìrí, ó máa kọrin, gbogbo ayé máa wò ó lójú ẹsẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n á mú ẹnì kan nínú àwọn tó ti ń tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀, kó wá gbé orí sílẹ̀ fún un.

Dígí fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. “Mi ò mọ irun-ún dì!”

“Di irun mú, kí o máa mi ètè,” ni Ẹnjiníà wí. “Màá ti yàrá kejì fi ohùn sí i. Ojú ẹ ni wọ́n máa wò. Ta ló ń wo ìka?”

Ẹ gbọ́ òmùgọ̀! Ta ló ń wo ìka? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún onídìrí tí wọ́n fẹ́ràn ọmọbìnrin náà kìkì nítorí ìka rẹ̀, ó ní ta ló ń wo ìka!

Ta sì ni Màdáámù mú? Tíṣà ni! Ta ló tún lè jẹ́ bí kò ṣe ẹni tó ti ń tún ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn ṣe níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní? Dígí kò mọ̀ ọ́n, torí kì í dé ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òórùn ìpara ń rìn ín. Tíṣà tú irun rẹ̀ pátá, ó sì kọjú sí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀.

“Gbé báàgì mi. A jọ ń lọ.”

“Mà, mi ò lè wò ó.”

“Mi ò ní kí o wò ó. Mo ní kí o gbé báàgì.”

Báyìí ló ṣe jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Àìkú, gèlè bò ó dé ìpéǹpéjú, báàgì lórí itan. Dígí wọlé pẹ̀lú aṣọ tó ń dán bí ẹja. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lára ògiri, wọ́n ta aṣọ funfun ńlá kan, ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń kọ láti ilé wọn sì ń yọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Olóòtú ètò, ọkùnrin aláwàdà kan, na ẹ̀rọ ìgbóhùn sí i. “Arẹwà, orin àtẹ́lẹwọ́ yìí ti pa wá lẹ́kún. Ta lo kọ ọ́ fún?”

Dígí sẹ́jú. “Ọkùnrin kan ni. Ó rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, ó gbórí lé mi lọ́wọ́, ó sùn. Mo ní kó má tíì jí, torí mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.”

“Yéè, ìfẹ́!” ni àwọn ọ̀dọ́bìnrin ké.

Ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, báàgì Tíṣà bọ́ lórí itan Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, gbogbo ohun inú rẹ̀ tú sílẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ kó o.

Orin bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà jáde, ó tutù bí omi inú ìkòkò. Dígí ki ọwọ́ bọ irun Tíṣà, ó fà á.

“Yéè!” ni Tíṣà ké.

“Sùn sí àtẹ́lẹwọ́ mi,” ni orin ń wí.

“Àtẹ́lẹwọ́ wo? Ta ló fẹ́ sùn sí èyí? Ọmọ yìí, orí ni o, kì í ṣe koríko!”

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Dígí náà fi ipá rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ sì gbàgbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta; orin kò dúró dè é. Lára aṣọ funfun, ọ̀rọ̀ ń já lu ara wọn. “Ẹ wò ó, kò tíì fi irun kún un, ohùn ti mí!” “Ọwọ́ yẹn kọ́!” “Ogún ọdún ni mo ti ń dìrí, èyí ò di ẹyọ kan rí!” “Ohùn ti dé ìdí ìlà kejì, ìka ṣì wà níwájú orí!”

Tíṣà fò dìde. “Mo ti gbé orí yìí fún Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ojú lè ṣìnà, etí lè ṣìnà. Orí mi mọ ọwọ́ tó ń dì í!” Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó na ọwọ́, ó fi bo ẹnu Dígí pátápátá, bí ìgbà tí tíṣà bá fẹ́ pa aláriwo kíláàsì lẹ́nu mọ́.

Orin náà ń lọ.

Ẹ̀yin èèyàn! Ẹnu wà nídè, orin ń lọ! “Má tíì jí, má tíì jí,” ó ń dún geere, ó húkọ́ díẹ̀, ó tún ń bá a lọ! Olóòtú ètò ju ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nínú yàrá kejì, Ẹnjiníà gbọ́ ariwo, ó ń fi ìka wá ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ó tẹ ibòmíràn, orin náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀!

Màdáámù fúnra rẹ̀ ló lọ fa okùn ẹ̀rọ náà tu. Orin náà dúró.

“Kì í ṣe ọkùnrin,” ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ti wà lórí ẹsẹ̀. Ó ṣí gèlè rẹ̀. Àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ hàn sí gbogbo ayé, kò sì fọwọ́ bò ó. “Mo lè fara mọ́ ọn kó gba ojúùwé mi. Mo fara mọ́ ọn kó gba ọkọ mi, kó lò ó pẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkùnrin ni mo kọ ọ́ fún. Ọmọ mi ni. Oṣù méje ló gbé nínú mi, àtẹ́lẹwọ́ yìí ló sùn sí.”

Ó rìn wá síwájú. Ó fi Tíṣà jókòó padà, ó yẹ ọwọ́ Dígí kúrò lórí rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún. Ó tú ìdìkúdì tó wà níbẹ̀, ó ya irun, ó mú un ní mẹ́ta. Ó la ẹnu. Kò sí nǹkan. Ó fi irun kún irun, ó mí, ó tún la ẹnu. Ohùn náà há nígbà tó jáde, ó sán bí ìkòkò àlòkù, ó mì, ó wá dúró. Nígbà tó fi máa dé ìlà kẹta, ọ̀rọ̀ kankan kò yọ lára aṣọ funfun mọ́. Ní gbogbo ibi tí wọ́n wà, wọ́n ti gbé ọwọ́ kúrò lórí fóònù, wọ́n ń sunkún.

“Òun ló kọ́ mi!” Dígí ké, ó nawọ́ sí Ẹnjiníà tí Màdáámù ti wọ́ jáde. “Òun ló ní ojú ẹ̀gbọ́n mi ò tà!”

“Ìwọ lo wá bá mi lẹ́yìn aṣọ ìsọ̀! Ìwọ lo ní kí n pa ìwé náà rẹ́!”

“Opurọ́! Àjẹgbé!”

“Olójú lásán! Ojú nìkan ni ẹ́, kò sí ohùn, kò sí ọwọ́!”

Báyìí ni wọ́n ṣe tú àṣírí ara wọn lójú ayé, nígbà tí ẹ̀rọ ń ya wọ́n lọ.

Ìyà kò sì pẹ́ kó tó dé. Màdáámù ya ìwé tí Dígí fọwọ́ sí, ó bẹ olóhùn tòótọ́, ó kọ ìwé tuntun pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó na Ẹnjiníà ní pàṣán kan. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kàn ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń na ọwọ́. “Gbé fóònù mi wá. Ẹni tó jí ohùn ìyàwó rẹ̀ nínú fóònù, kí ni kò ní jí nínú tèmi?” Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, eruku ló kù lórí tábìlì. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú ìsọ̀ onídìrí, gíláàsì dúdú lọ́wọ́.

“Ohùn rẹ ni mo kọ́kọ́ fẹ́, ìwọ náà mọ̀. Dárí jì mí.”

“Ohùn náà lo mú lọ,” ló dá a lóhùn, kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. “Ó wà nínú fóònù rẹ. Máa fẹ́ ẹ lọ.”

Ní ti Dígí, ojú tó fi ń yangàn ló wá di ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Kò sí àdúgbò tó dé tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Onídìrí kankan ò fẹ́ fọwọ́ kan irun rẹ̀. “Lọ sọ fún fóònù kó dì í fún ọ!” Oṣù mẹ́rin kọjá kó tó dé ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìborùn lórí, irun abẹ́ rẹ̀ lọ́ pọ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í.”

Àwọn oníbàárà kùn. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wo àbúrò rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà, ó nu àga, ó fọwọ́ júwe rẹ̀.

Ó tú irun náà, ó fọ̀ ọ́, ó yà á, ó dì í láti ìlà kìíní dé ìlà tó kẹ́yìn. Kò fà á lẹ́ẹ̀kan. Dígí ń sunkún láìdún, ó ń retí. Fáànù nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí nígbà tó parí, “ẹ ò kọrin fún mi.”

“Ọwọ́ mi ti dárí jì ọ́. Ohùn mi ò tíì dárí jì ọ́.” Ó gbọn irun kúrò lára aṣọ tó fi bo èjìká rẹ̀. “Máa wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Mi ò ṣèlérí.”

Dígí dúpẹ́, ó jáde. Oníbàárà tó kàn jókòó, ọmọdébìnrin tí orí rẹ̀ rọ̀, tó ti ń bẹ̀rù òòyà láti ilé. Dígí kò tíì sọdá títì tí orin náà fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tuntun, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ rí. Ó dúró sínú oòrùn, ó ń gbọ́ ọ láti òkèèrè, bíi ti gbogbo ayé.